Ọ̀gá Ogun Méjì Lórí Tábìlì Ìjẹun

Tí wọ́n bá ti jáde láàárọ̀, èmi nìkan ni mo máa ń ṣọ́ ilé ọmọ mi ní Plano, l'Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi obìnrin, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo sì wà ní háísúkùù. Tíṣà ni mo ṣe n'Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ariwo ọmọ ti mọ́ mi lára. Níbí, ìkòkò ọbẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí ọmọ-ọmọ mi bá mi sọ̀rọ̀ kọjá "Ẹ káàárọ̀, Grandma" tó máa ń jù sí mi bó bá ń sáré jáde.

Lọ́jọ́ kan, mo rí àwọn káàdì tó kọ nǹkan sí lórí tábìlì ìjẹun. Wọ́n fẹ́ ṣe ìjiyàn nílé ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ológun Ṣáínà. Mo gbé awò ojú wọ̀, mo kà á tán. Àgbègbè ogun márùn-ún ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí. Ti ìlà-oòrùn, tó dojú kọ Taiwan, ni ọmọ wa mú. Bí ìjà bá dé, ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú tó wà níbẹ̀, àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá méjì ló ń darí wọn, ipò wọn dọ́gba: ọ̀kan ń pàṣẹ ogun, èkejì ń ṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba. Àwa tí a máa ń sọ pé ọba méjì kì í gbé ààfin kan! Mo rẹ́rìn-ín títí. Bí èmi àti olóògbé ọkọ mi ṣe ṣe nìyẹn o. Òun ń pàṣẹ, èmi ń wò ó bóyá àṣẹ náà mọ́gbọ́n dání.

Inú mi dùn débi pé mo bá a to àwọn káàdì náà. Nílé wa, àgbà ló ń ṣáájú. Mo fi àwọn ọ̀gá sókè, ọmọ ogun orí ilẹ̀ tẹ̀ lé wọn nítorí wọ́n ti wà ṣáájú àwọn yòókù. Mo dín dòdò, mo jókòó dè é.

Bó ṣe wọlé, ó fa ojú ro. "Grandma! Who touched my cards?"

"Èmi ni, ìyá mi. Mo fi àgbà ṣáájú."

"But they were in the order I was going to speak in!"

Ó kó wọn, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn.

Mo wá fi ọ̀sẹ̀ yẹn há gbogbo ohun tí mo kà nínú káàdì náà sórí, mo sì wá ìbéèrè gidi kan tí n ó bi í. Lọ́jọ́ tó ti ibi ìjiyàn dé, ẹnu ọ̀nà gáréèjì ni mo ti pàdé rẹ̀.

"Ìyá mi, ọ̀gá méjì yẹn, bí wọn kò bá fẹnu kò ńkọ́?"

Ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò ní etí kan. "Oh, we're done with China, Grandma." Ó dá a padà sétí, ó kọjá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe tíṣà pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní òun gbọ́ nínú ìròyìn pé ọkọ̀ ogun Ṣáínà tún ń yí Taiwan ká. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, àgbègbè márààrún, àti ọ̀gá méjèèjì.

"Háà! Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?"

"Ọmọ-ọmọ mi ni," mo ní. "Ojoojúmọ́ la jọ máa ń sọ̀rọ̀."