Òkè Tí A Fi Pààlà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà mí gun òkè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ni ìyá ìyá mi máa ń kó gbogbo àwa ọmọ ilé jọ láàárọ̀, tí a ó sì rin òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wa, ní ìhà Irolu, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orí. Ẹ má rò pé òkè ńlá ni mò ń sọ. Ilẹ̀ Rẹ́mọ kì í ṣe ilẹ̀ olókè, ẹni tó bá sì ti rí òkè Ìdànrè yóò fi tiwa rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ pupa lásán ni, kì í ṣe àpáta. Igbó díẹ̀ bò ó, ó sì ní orí mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n àwa kò tíì rí òmíràn, nítorí náà òun ni a mọ̀ sí òkè.

Ìdí kùkùté ìrókò kan ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ ó gun orí kìíní, tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń sáré gùn ún. Lẹ́yìn náà ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ síbi tí koríko kì í ti í gbẹ, kí ẹ tó dojú kọ orí kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pẹ wa wà, àti igi obì mélòó kan. Orí kẹta ló ga jù. Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò igi ni a sì ń dì mú gòkè. Tí ẹ bá dé orí rẹ̀, ẹ ó bá pèrègún mẹ́ta níbẹ̀, ẹ ó rí páànù Ìlárá lápá kan, ti Irolu lápá kejì, àti èéfín funfun lọ́nà jíjìn, ní ìhà Ṣàgámù. Mo máa ń rò pé ibi èéfín yẹn ni ayé parí sí.

Ìrìn náà kì í ṣe ti ìgbafẹ́. Bàbá ìyá àgbà ló fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún un. Àdéhùn tó wà láàárín bàbá yẹn àti ìdílé tó wà ní ìhà kejì òkè ni pé orí kẹta ni ààlà. Ibi tí omi òjò bá ti ṣàn wá sọ́dọ̀ wa, tiwa ni. Ibi tó bá ti ṣàn lọ sọ́dọ̀ wọn, tiwọn ni. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Tí a bá ti dé ìdí pèrègún, ìyá àgbà yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ ataare kan pé kó fi sẹ́nu, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, ẹnu tí ata ta kì í gbàgbé ibi tó ti ta á.

“Ìwọ, níbo ni omi ibí yìí ń ṣàn sí?”

“Sọ́dọ̀ wa, màmá.”

“Ṣé ata náà ń ta ọ́?”

“Ó ń ta mí, màmá.”

“Ó dáa. Má tíì gbé e mì.”

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi í léèrè ìdí tí kò fi ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe ní Ìlíṣàn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òpó sìmẹ́ńtì, ọkùnrin méjì á hú u, wọ́n á gbé e lọ. Ọmọ ta ni yóò gbé òkè?” Gbogbo wa bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò sì rò, títí di òní, pé èrò rẹ̀ burú. Igi ń kú, odò ń yà, òpó ń ṣí. Òkè nìkan ni kò sí ẹni tó tíì rí i kó ṣípò.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ọ̀nà pọ̀ ní agbègbè wa, àwọn tó ń ṣe é sì ń wá ilẹ̀ pupa tí wọn yóò tẹ́ sí abẹ́ ọ̀dà. Ìdílé kejì gbà kí wọ́n máa wa ilẹ̀ ní ìhà tiwọn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ilẹ̀ wọn ni. Katakata dé, àwọn típà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a gun òkè, a dúró ní ìdí pèrègún, a ń wo àwọn ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo èèrà. Àwa ọmọdé gbádùn rẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pín ataare.

Nígbà tí a tún padà lọ, kò sí orí kẹta mọ́. Ìdílé kejì ní awakọ̀ katakata ni kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Òkè tó jẹ́ ilẹ̀ lásán, tí a bá ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, orí rẹ̀ á ya wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pinnu láti jí i. Àmọ́ wọn ò dáwọ́ dúró, wọ́n ti ń gbẹ́ bọ̀ lára orí kejì, níbi tí ọ̀pẹ wa wà. Ìyá àgbà bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú.

Wọ́n wá wò ó. Ìyá àgbà ní òun kò ní sọ̀rọ̀, pé ọmọ ni yóò rìn ín. Èmi ló tì síwájú. Mo mú wọn láti ìdí kùkùté ìrókò, mo gun orí kìíní, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gun orí kejì dé àárín ọ̀pẹ, ọ̀nà sì gé lójijì. Kòtò pupa ló wà níwájú mi.

Bàbá tó jẹ́ olórí wọn bi mí pé, “Ọmọ mi, ibo ló kù?”

Mo na ọwọ́. “Ibẹ̀ yẹn ni, bàbá.”

“Ibo ni ibẹ̀?”

“Òkè yẹn.”

Gbogbo wọn gbójú sókè. Àwòdì kan ṣoṣo ló ń yí po níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìdílé kejì ní, “Àwòdì ló ni ín nígbà náà,” àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà ní, “Ẹ dákẹ́. Ọmọ yìí kò parọ́. Ṣùgbọ́n a ò lè fi òfuurufú pààlà.”

Wọ́n dá a pé kí wíwa ilẹ̀ dúró níbi tó dé, kí etí kòtò náà sì di ààlà láti ọjọ́ yẹn lọ. Ìdájọ́ náà mọ́gbọ́n wá lójú gbogbo ènìyàn. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà yẹn, mi ò tíì rí èyí tó sàn jù ú, ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí à ń darí lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ kò ṣìnà o. Ilẹ̀ ló sá.”

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni òjò. Nígbà tí òjò dé, etí kòtò ya lulẹ̀, ọ̀pẹ méjì sì bá a lọ. Ìyá àgbà lọ fẹjọ́ sun àwọn àgbà ìlú náà. Wọ́n ní, “Màmá, etí kòtò la sọ. Ibi tí etí kòtò bá wà, ibẹ̀ ni.” Lọ́dún kejì, ó tún ya. Katakata ti lọ, típà ti lọ, síbẹ̀ ilẹ̀ wa ń dín kù.

Ìyá àgbà kò yé kó wa jọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrìn náà ń kúrú sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó rìn ín kẹ́yìn, orí kìíní ni a ti jẹ ataare náà. Kò bi wá léèrè ibi tí omi ń ṣàn sí, torí gbogbo wa ló ń rí i pé inú kòtò ni.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹni tó bá ra ilẹ̀ lágbègbè wa, òpó sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ ń rì, ìwé ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ká ní ìyá àgbà ri òpó mọ́lẹ̀ ni, kò ní pàdánù. Mi ò mọ̀. Òpó tó bá wà lórí òkè yẹn ì bá ti bá òkè lọ. Omi ti kún inú kòtò náà, àwọn ọmọ ìwòyí sì ń pe ibẹ̀ ní odò. Orí kìíní ti lọ tán. Kùkùté ìrókò nìkan ló ṣẹ́ kù, omi kò sì jìnnà sí i mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ní kí n wá fi ààlà ilẹ̀ wa han òun. Mo ní kó jẹ́ kí òjò ọdún yìí dá ná.