Goro Tí Wọ́n Gbà Lórí Itan Mi

Nígbà tí trotro, ọkọ̀ akérò tí mo wọ̀, yí tán sínú kòtò lójú ọ̀nà Accra, bàtà mi ni mo kọ́kọ́ wá. Mo rí i lẹ́sẹ̀ mi ọ̀tún, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ló kọjú sí mi. Kò tíì dùn mí rárá. Mo fẹ́ dìde, itan mi sì tẹ̀ níbi tí kò sí oríkèé. Ìgbà yẹn ni mo kígbe. Awakọ̀ wa, tó fẹ́ ya ọkọ̀ tó ru gẹdú sílẹ̀ níbi tí kò ti rí iwájú, dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo táyà rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ kò tilẹ̀ bó.

Ní ilé ìwòsàn ní Kumasi, dókítà ní egungun itan mi ti dá, ẹnu méjèèjì tó dá sì ti gun ara wọn. Ẹran itan lágbára. Bí egungun bá ti dá, ńṣe ló máa ń fa ẹsẹ̀ kúrú. Nítorí náà wọ́n lu irin tín-ín-rín kan já egungun ojúgun mi, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì fi àpò yanrìn kọ́ sídìí bẹ́ẹ̀dì kí ó lè máa fà á padà. Ìwọ tí irú rẹ̀ lè bá lọ́la, mọ̀ pé irin yẹn kọ́ ló le jù. Ìdùbúlẹ̀ ni. Ìdí mi di egbò nítorí pé mi ò lè yí ara padà, póò ni mo sì ń lò lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí kò balẹ̀. Mo sunkún nítorí póò ju bí mo ṣe sunkún nítorí itan lọ.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Àlùfáà, ni olórí ẹbí wa, àwa ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kumasi. Ilé kéú ló ní. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹbí awakọ̀ gbé igbá goro, obì ìbẹ̀bẹ̀, lọ bá a nílé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó foríji ọmọ wọn. Bàbá gba goro, ó pín in, wọ́n ka Fátíhà, gbogbo ilé ṣe àmín. Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Tèmi, itan ni wọ́n fá lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kejì ó mú awẹ́ kan wá fún mi. Oògùn ti mú ẹnu mi korò, mo jẹ ẹ́. Mo rò pé ẹnì kan ló sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà tí wọ́n tú okùn, egungun ti so, ṣùgbọ́n ó so ní wíwọ́. Dókítà ní òun máa tún un dá, òun á sì fi irin pẹlẹbẹ dè é mọ́ra. Èmi ni mo máa ra irin náà. Bí mi ò bá rí i rà, ọ̀pá ni n ó máa fi tilẹ̀ rìn títí ayé. Bátìrì àti tọ́ọ̀ṣì ni mò ń tà, ọjà mi sì ti ṣòfò sínú kòtò. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo gbára lé, inṣọ́ránsì ọkọ̀ náà: ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kí ó lè tọ́jú ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe.

Ọ́fíìsì wọn wà ní Race Course ní Kumasi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó fi ọ́fíìsì àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dá sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ọlọ́run ló máa dá a lóhùn. Mo fi ìdí gùn ún. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fi Twi bá mi sọ̀rọ̀.

“Maame, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Awakọ̀ ti sọ fún wa. Àwọn àgbà yín gba goro, ìwọ náà sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ti foríjì kì í tún béèrè nǹkan.”

Mo bi í bóyá goro ló máa to egungun mi. Ó ní kí n má bínú. Mo bínú.

Takisí gbé mi tààrà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àlùfáà. Mi ò kúnlẹ̀ kí i. Ẹsẹ̀ kò gbà, inú mi náà kò gbà.

“Bàbá,” mo ní, “nínú kitábù tí ẹ fi ń kọ́ni, ta ló ni ọgbẹ́?”

“Ràmọ́tù, wàhálà ni mo sá fún. Àlejò la jẹ́ níbí, ìjọba ibí sì ti lé àwa Yorùbá rí. Bí onílẹ̀ bá bẹ àlejò, àlejò kì í kọ̀.”

“Ta ló ni ọgbẹ́?”

“Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ni.”

“Ẹlòmíì lè bá a foríjì?”

“Rárá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.”

“Ẹ ti fi itan mi jẹ goro, Bàbá.”

Mi ò mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó bá mi lọ sí Race Course. Wọ́n ránṣẹ́ pe awakọ̀. Lójú rẹ̀ ni Bàbá ti gbé igbá goro tuntun kalẹ̀, ó ní òun dá tiwọn padà, pé ohun tí òun gbà kì í ṣe tòun. Àánú Bàbá ṣe mí, mi ò sì dá a dúró. Akọ̀wé tún ṣí fáìlì mi. Wọ́n fi wá ṣe lọ-ká-bọ̀ títí ó fi sú wa, kí wọ́n tó sanwó.

Wọ́n tún itan mi dá, wọ́n fi irin dè é. Mo kọ́ ìrìn bí ọmọ tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, mo ń ṣépè ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kúrú díẹ̀, bí òjò bá sì ṣú, irin náà á kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti dókítà. Ẹsẹ̀ yìí náà, tó dá lẹ́ẹ̀mejì tó sì tún gbà láti gbé mi, mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó gbé e balẹ̀.

Awakọ̀ padà wá sí ìsọ̀ mi, òun nìkan, pẹ̀lú goro nínú ọ̀rá. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n foríjì òun. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bẹ èmi gan-an nìyẹn. Mo jẹ́ kó wà lórí orúnkún fún ìgbà díẹ̀, kí ó mọ bí egungun ṣe ń roni.

“Mo gbọ́,” ni mo ní.

Mi ò fọwọ́ kan goro náà. Mo dìde, mi ò di nǹkan kan mú, mo sì lọ dá oníbàárà mi lóhùn.