Ìwé Ìkòkò Ìyá Mi

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, ìkòkò kún ẹ̀yìnkùlé ìyá mi dé ìdí igi òrombó. Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn obìnrin Pobè lódìkejì ẹnubodè tí wọ́n máa ń gba Ìfọ́nyìntẹ̀dó wọlé, kò lè kọjá mọ́, àwa tí a wà nílé náà kò sì rà á, torí ayé ti di ayé ike. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, Màmá kò lọ wa amọ̀ mọ́. Ó ní ọwọ́ òun ti fẹ́ sinmi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ràn láyé, mo sì ti rí bí àgbàlagbà ṣe ń yára gbó bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní ká ṣe ìwé àfihàn, kí àwòrán máa rìn lọ bá àwọn ilé ìtajà Abẹ́òkúta àti Èkó dípò ìkòkò. Mo bá ọmọbìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò ìwé nítòsí pólì ní Ìlaró sọ ọ́. A jókòó pín ojú ìwé: ibi tí ìkòkò omi yóò wà, ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ yóò wà, bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó. Èmi tíṣà ń pàṣẹ bí ẹni tó ti tẹ ìwé rí.

Ìdí ìkòkò Màmá rí róbótó, kì í dá dúró. A fi òkúta ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ya fọ́tò, a sì pa òkúta náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó mọ́ lójú. Mo gbé e lọ han Màmá.

“Kí ló gbé e dúró?” ó bi mí.

“Àwòrán ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Ẹni tó bá rà á, tó gbé e kalẹ̀ báyìí, tó yí gbirigbiri tó fọ́, ta ni yóò bú? Ẹ fún un ní òṣùká.”

A tún gbogbo rẹ̀ ya, ìkòkò kọ̀ọ̀kan lórí òṣùká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ọmọbìnrin náà ń kùn lábẹ́lẹ̀. Èmi náà kùn.

Lọ́jọ́ ìtẹ̀wé, mo mú Màmá dání lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yẹ́lò ló kọ́kọ́ jáde, bí àbàwọ́n epo lára aṣọ funfun. Mo rò pé wọ́n ti bà á jẹ́.

“Sùúrù, tíṣà,” onítẹ̀wé ní.

Bébà tún wọlé, pupa gùn ún. Ó tún wọlé, búlúù gùn ún. Nígbà tí dúdú gùn ún kẹ́yìn, ìkòkò yọ, tòun ti ojú èéfín tí iná fi sí wọn lára. Ẹnu yà mí débi pé mo fọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná. Láti kékeré ni mo ti ń kàwé, ìwé ni mo fi ń jẹun, mi ò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń bí i.

Wọn ò tíì gé e, nítorí náà gbogbo ìkòkò wà lórí bébà ńlá kan. Màmá dúró lé e lórí. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń mọ ìkòkò, ṣùgbọ́n bí iná bá ti kú, oníbàárà á kó wọn lọ. Òkìtì lásán ni wọ́n jẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé; kò rí oríṣiríṣi wọn lẹ́sẹẹsẹ lójú kan báyìí rí. Ẹnubodè tí wọ́n tì ló jẹ́ kí wọ́n dúró de ara wọn.

“Ṣé èmi ni mo mọ gbogbo èyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.” Omi lé sí mi lójú, ojú ò sì tì mí.

Ó ń fi ìka tọ́ wọn, ó ń pe orúkọ wọn, ó wá tún bébà náà wò káàkiri. “Ìkòkò aró kò sí níbí. Òun ni ìyá mi kọ́ mi gbẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bèèrè rẹ̀.”

Onítẹ̀wé ní iṣẹ́ ti parí, àfi tí a bá tún un tẹ̀. Màmá ní kò sí wàhálà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnubodè ṣì wà ní títì, ilé ìtajà kankan ò sì tíì rí ìwé wa. Mo jí, mi ò bá Màmá nílé. Nígbà tí oòrùn mú díẹ̀, ó dé pẹ̀lú agbọ̀n amọ̀ tútù lórí, ó ní kí n wá sọ òun kalẹ̀.