Ìyá Àgbà Kò Ta Èèyàn

Kí àwọn àlejò tó dé ọ̀dọ̀ wa, afinimọ̀nà ti fi ògiri ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan tó wó hàn wọ́n, ó ní odi ìlú ni. Ó fi ọlọ kan hàn wọ́n, ó ní ọba ló fi ń lọ oògùn. Abúlé wa lẹ́yìn Moniya kò ní ọba rí. Baálẹ̀ la ní.

Ọmọ ilé kejì sí tiwa ni afinimọ̀nà náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ láti ìgboro Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó na ọ̀pá sí ojú oórì Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ó ní orí òkúta yẹn ni obìnrin tó ni ilé yìí ti ń ta ẹrú. Táìsì ara òkúta ọ̀hún, èmi ni mo gbé e wá láti Alákìá lórí ọ̀kadà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bu omi tútù fún àwọn àlejò, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí ojú oórì. Ìjókòó kọ́ ló bí mi nínú. Orí rẹ̀ làwa náà ti ń bó ẹ̀gúsí. Ohun tó bí mi nínú ni pé gbogbo àwọn tó ń mu omi yẹn gbọ́ ohun tí afinimọ̀nà ń sọ nípa ìyá ẹni tó bu ú, wọ́n sì ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé.

Màmá bi mí pé, “Kí ló ń wí nípa ìyá mi?”

Mo tú u fún wọn bó ṣe rí. Màmá gbé ife sílẹ̀, wọ́n kọjú sí afinimọ̀nà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ìyá mi tà?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ìtàn lásán ni. Àwọn àlejò fẹ́ràn ẹ̀.”

“Ìtàn ìyá ta ni? Èlùbọ́ ni ìyá mi tà ní Ṣáṣá. Òun náà ni wọ́n fi ro àmàlà tí baba ẹ jẹ dàgbà.”

Obìnrin kan tó ń fi fóònù yà wá ní fọ́tò bi afinimọ̀nà, ní gẹ̀ẹ́sì, bóyá èlùbọ́ ni wọ́n ń fi gba ẹrú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kan pátákó tí ó kọ gẹ̀ẹ́sì sí mọ́ ògiri wa: ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú. Màmá ní kí n kà á, lẹ́yìn náà kí n tú u. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi bo dúróòmù omi òjò, wọ́n dojú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dé.

Nígbà tí afinimọ̀nà tún kó èèyàn dé, Màmá wà lórí ojú oórì, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn kò dìde. Wọn kò sì bu omi fún ẹnikẹ́ni.