Bí Jíìpù Mi Ṣe Di Akáyín

Nígbà tí a kó lọ sí ilé wa ní Ayọ̀bọ̀, yàrá méjì nínú ilé náà kò tíì ní fèrèsé, ọ̀nà tó sì dé ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú odò tó gbẹ. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi ń ṣe, ọmọ Èkìtì bíi tèmi ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà rárá. Ó ní òun kò lè máa bá ọlọ́kadà du ojú ọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tí a ra jíìpù tòkunbọ̀ kan, èmi ni mo di awakọ̀ ilé.

Jíìpù náà ti dàgbà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ilẹ̀kùn kan kò sì ṣeé ṣí láti inú. Àmọ́ tí mo bá ti fa ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa ṣiṣẹ́, á sì la ẹrẹ̀ kọjá bí ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà òjò, èmi ni mo ń kó àwọn ará àdúgbò jáde sí títì. "Ìyá oníjíìpù, ẹ dúró dè mí o!" Ohun tí mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ nìyẹn, nígbà mìíràn kí n tó fọ ẹnu tán.

Mẹkáníìkì wa, ọkùnrin Ìbàdàn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀tún, ti wo abẹ́ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá a. Ó jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí le bí òkúta. Iwájú ni ò le."

"Kí ló ṣe iwájú?"

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Irin rogodo kan wà láàárín táyà iwájú méjèèjì. "Dìfírẹ́ńṣà nìyí. Eyín irin ló wà nínú ẹ̀. Òun ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, tó ń pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì. Tẹ̀yìn tóbi bí ìkòkò ìrẹsì. Ẹ wá wo tiwájú yìí, kékeré báyìí! Bí wọ́n ṣe ṣe é wá nìyẹn. Ẹ máa rọra lò ó ṣá."

Mo ní mo gbọ́, mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń la ẹrẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ta ló máa rò pé ibì kan wà lára rẹ̀ tó kù díẹ̀ káàtó?

Ní àkókò yẹn, àwa àti àdúgbò kejì la jọ ń lo tirafọ́mà kan ṣoṣo. Bí iná bá tilẹ̀ dé, kò mọ́lẹ̀ ju àtùpà lọ, fáànù á sì máa yí bí ẹni tó ń ronú. Ẹgbẹ́ onílé wá pinnu pé a ó ra tiwa. Ó pẹ́ kó tó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ṣeé ṣe, lọ́jọ́ Sátidé kan sì ni lọ́rì gbé e dé.

Mò ń fọ ẹ̀wà àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí alága wa sáré wọlé. Baba télọ̀ kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni tí kì í sáré rárá. "Tíṣà, ẹ gbà wá o! Iná wa ti rì sínú ẹrẹ̀!"

Lóòótọ́, lọ́rì náà ti rì dé ìdí ní kòtò tí omi máa ń gbà kọjá, tirafọ́mà tuntun náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Gbogbo àdúgbò ti dúró yí i ká. Láti inú àdúgbò lọ́hùn-ún ni mo ti wa jíìpù bọ̀, nítorí náà èmi àti lọ́rì kọjú síra. Kí n tó lè fà á wọlé, àfi kí n fi ẹ̀yìn rìn.

Ọkọ mi, tó tẹ̀lé mi wá, ní, "Ṣé kò ní dáa kóo yí i padà ná?"

"Àyè wo ló wà níbí? Òjò sì ti ń ṣú."

Wọ́n so okùn mọ́ iwájú jíìpù, mo fa ọ̀pá kékeré, mo fi í sí jíà ẹ̀yìn. Okùn le dan-in. Lọ́rì mì díẹ̀, àwọn èèyàn hó yèè! Inú mi dùn, mo tún tẹ iná mọ́ ọn. Táyà iwájú ń yí lófo nínú ẹrẹ̀, ó dédé kan òkúta, ó dì í mú.

Gbàù!

Ó dún bí ìgbà tí wọ́n la ìkòkò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ọkọ̀ bá ti mira díẹ̀, irin á máa jẹ irin lábẹ́ mi, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, epo dúdú sì ń kán sílẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbé orí sókè bí onímọ̀.

"Ó dà bíi pé nǹkan bàjẹ́."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Alága ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Àwa la rán yín níṣẹ́ yìí."

Mo pe mẹkáníìkì lórí fóònù, ọ̀kadà ló sì gbé e dé. Ó wọ abẹ́ jíìpù lọ, a gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Àǹtí, àbí ẹ̀yìn lẹ fi fà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìhà kan ni eyín inú ẹ̀ ti lágbára jù, ìyẹn tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú. Tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn fa ẹrù, ìhà tí ò le ló máa fi jẹ ẹ́. Ló bá kán."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé èmi náà mọ̀ pé ẹ máa fi ẹ̀yìn fa lọ́rì ni?"

Ìyàwó alága, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ló wá dá sí i. Ìyá àgbà ni, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. "Ẹ gbọ́ ná. Akáyín ò lè fọ́ eegun, àmọ́ ó lè jẹ mọ́ínmọ́ín. Kí ni ọkọ̀ yìí ṣì lè jẹ?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì wà, Ìyá," ni mẹkáníìkì dáhùn. "Tí mo bá tú irin gígùn tó ń gbé agbára lọ síwájú, á máa fi táyà ẹ̀yìn nìkan rìn."

Bó ṣe ń tú u, àwọn ọkùnrin lọ ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti pákó ní ilé wa tí a kò tíì kọ́ tán, wọ́n fi wọ́n sábẹ́ táyà lọ́rì. Nígbà tó tú u tán, mo wa jíìpù lọ yí padà nínú oko ẹ̀gẹ́ kan tó kù láàárín ilé. Mo ń bẹ ìyá tó ni ín, ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre! Ṣé a máa fi ẹ̀gẹ́ tan iná ni?" Wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí, mo kọjú síbi tí mò ń lọ, mo rọra ń fà. Àwọn ènìyàn ń ti lọ́rì láti ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. "Ó yá! Ó yá!" Ó fà sẹ́yìn, ó tún wá síwájú, ó sì gòkè pẹ̀lú ariwo. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí n dá ọkọ mi mọ̀ láàárín wọn.

A wá dìfírẹ́ńṣà iwájú títí, èyí tí a rí kò sàn ju èyí tó fọ́ lọ. Jíìpù wá ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan rìn. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, kò lè gba kòtò yẹn kọjá mọ́, ni gbogbo wa bá jọ ń ká ṣòkòtò àti ìró sókè rìn láàárọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mi ń gbé wọn kọjá, kò sẹ́ni tó rántí pé ọ̀nà yẹn ṣeé tún ṣe. Láàárín oṣù díẹ̀, a ti da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti yẹ̀pẹ̀ pupa síbẹ̀, a ri páìpù sìmẹ́ńtì ńlá sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa gba ibẹ̀ lọ.

Ojú ọ̀nà náà tẹ́ dáadáa. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ìyàwó alága wá bá mi lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan.

"Tíṣà, ṣé wọ́n lè kọ́ arúgbó ní mọ́tò?"

Mo ní kó wọ jíìpù, kó jókòó sídìí ọkọ̀. Oṣù àkọ́kọ́, adìẹ àdúgbò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò jẹ́ kó sú òun, nígbà tó sì yá, ó mọ jíà yí ju èmi lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọkọ rẹ̀, baba jókòó sẹ́yìn, ó di ìjókòó mú, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀ ń sáré. Ìyá wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ dé oríta, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bojú wẹ̀yìn.

"Baba, ibo lẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀?"

"Ibikíbi tí ẹsẹ̀ mi bá ti lè kanlẹ̀."