Ìka Bàbá Lórí Bọ́tìnnì

Òórùn tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kò sí bí o ṣe lè fọ aṣọ rẹ tó, ọ̀rẹ́ mi, tí o bá ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ọ̀dà wa ní Oregun, òórùn yẹn á bá ọ délé. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkìtì. Èmi nìkan ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò níbẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Bàbá kan wà níbẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti ń po ọ̀dà kí n tó dáyé. Òjò ti ba ìwé tí wọ́n kọ ìlànà àpòpọ̀ wọn sí jẹ́, nítorí náà oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó tì mí, tí wọ́n ń pe ohun tó wà lórí wọn fún mi, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá dà á kọ síbòmíràn lọ́la.

Ètò méjì tó lè darí ẹ̀rọ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn: ti àtijọ́, tí a fi ń tẹ ìwé tí à ń lẹ̀ mọ́ agolo ọ̀dà, àti tuntun, níbi tí mo kó ìlànà Bàbá sí nítorí pé kòkòrò kọ̀ǹpútà kì í tètè wọ ibẹ̀. Tí o bá fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, àfi kí o pa ẹ̀rọ náà, kí o tún un tàn. Ó sú mi. Ni ọ̀rẹ́ kan bá fún mi ní ohun kan tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, débi pé mo lè wà nínú tuntun, kí n sì ṣí ti àtijọ́ gan-an nínú fèrèsé kékeré kan lójú rẹ̀. Mo yangàn títí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Ewu kan ló wà níbẹ̀. Tí fèrèsé náà bá ṣí, á to orúkọ ètò méjèèjì, tuntun lókè, ti àtijọ́ nísàlẹ̀, á sì máa kà láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá wálẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan títí á fi kà á tán, tuntun tó wà lókè ló máa mú, bẹ́ẹ̀ tuntun yẹn kan náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ níta. Bí ìyàwó ilé méjì tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kan láìrí ara wọn ni. Ohun tó wà níbẹ̀ á bàjẹ́ ni.

Bàbá béèrè ìdí tí n kì í fi í jẹ́ kó mú ti òkè. Mo ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún béèrè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fajú ro.

"Bàbá, mo ti sọ fún yín! Ti ìsàlẹ̀ ni. Ti òkè á ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ṣe ṣí fèrèsé náà báyìí ni aago àdúrà dún. Ọ̀gá wa obìnrin kì í fi àdúrà àárọ̀ ṣeré. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló máa dá orin, o sì mọ̀ pé ohùn mi kì í ṣe ohùn gidi. Mo sáré. Mùsùlùmí ni Bàbá, wọn kì í bá wa lọ.

A ti wọ orin kejì kí n tó rántí. Mo já alelúyà sáàárín, mo sá jáde.

Bàbá wà ní ìdúró níwájú kọ̀ǹpútà tí wọn ò fọwọ́ kàn rí. Ìka wọn tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kíkà náà ti dúró, orúkọ ìsàlẹ̀ ló ń tàn.

"Ó ku mẹ́rin nígbà tí mo rí i," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n yọ ọwọ́?"

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ọmọ Èkìtì, iṣẹ́ ayé mi ló wà níbẹ̀ o. Ṣé kí n wá máa wò ó ni?"

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Àtorin àkọ́kọ́ ni wọ́n ti dúró bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, mo ti da gbogbo ìlànà náà kọ sórí díìsì méjì. Bàbá fi nílọ́ọ̀nù wé ọ̀kan, wọ́n gbé e lọ sílé ní Agége.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi tí mo mọ̀nà ni mo ṣìnà lọ́jọ́ náà, abéèrè ló sì mú mi padà. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ báyìí. Tí ẹnì kan bá bi mí ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, tí inú bá fẹ́ bí mi, màá rántí pé ìdáhùn tí mo fi ìkanra fún Bàbá ni wọ́n fi gbà mí. Màá wá tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.