Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rù Lé Lọ

Òórùn káńfọ̀, èyí tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ nínú àpótí, ló gba ilé wa ní Brampton ní ọdún tí ìyá bàbá mi wá láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó ti hítà, wọ́n á máa wo yìnyín lójú wíńdò. Èmi á sáré kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì. "Good morning, Grandma," ó parí.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kánádà ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ò sì já gaara lẹ́nu mi nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí a lọ pàdé wọn ní ẹ́apọ́ọ̀tù, mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ó rẹ̀ ẹ́?" Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìyá mi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?" Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo ń fi kí wọn, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọjọ́ tí wọ́n máa padà ṣe ń sún mọ́ tòsí, àyà mi ń já, torí wọ́n ti dàgbà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá a tún máa fojú kan ara wa.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ gan-an ni olùkọ́ wa ní yunifásítì sọ ìtàn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan fún wa. Ó ní "thou" ni wọ́n ń lò fún ojúgbà àti ọmọdé, "you" fún ẹni tó bá jù wọ́n lọ. Mo jókòó dáadáa. "O" àti "ẹ" tiwa nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ pé ẹnì kan "thou" ẹlòmíì, ìyẹn ni pé ó fi "thou" bá a sọ̀rọ̀, ìjà sì lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù kí wọ́n má lọ rí ẹnikẹ́ni fín mú kí wọ́n máa pe gbogbo ayé ní "you". Nígbà tí kò sí ẹni tó ń "thou" ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ń ro Yorùbá tí ẹ̀rù ti lé kúrò lẹ́nu mi.

Mo délé, mo bá màmá nídìí hítà.

"Màmá, ṣé o ti jẹun?"

Bó ṣe jáde ni mo mọ̀ pé mo ti ṣì í sọ. Mo fẹ́ sá lọ sí yàrá mi lókè.

"Mi ò tíì jẹun," ni wọ́n wí. "Ohùn ẹ ni mo ti ń retí. Jókòó tì mí."

Fóònù lèmi àti màmá fi ń sọ̀rọ̀ báyìí tí wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Mo ti mọ "ẹ" lò, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dùn, "o" ṣì máa ń já bọ́, bàbá mi á sì mí kanlẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ọ̀wọ̀ ni mo pe ìdákẹ́jẹ́ mi nígbà yẹn. Gbogbo àsìkò náà, màmá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí.